Ẹṣin leégún ilé wa, ọkọ̀ sánmà lèmi ń kàn: bí mo ṣe fi pàǹtí kan mẹ́ruwà inú òfurufú

Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tó tóbi tóyẹn tí ò léégún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀. Kò sọ́mọ Ìlọrin tí ò mọ̀ ọ́n. Èmi ò lẹ́ṣin o, mi ò sì ní ọ̀kọ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yí ohùn ẹ̀ díẹ̀ ó di ọkọ̀, ọkọ̀ yẹn ló wà lọ́wọ́ mi. Ọkọ̀ sánmà ni, sípéésíṣíìpù, irú èyí tó máa ń kọjá nínú fíìmù tí gbogbo pálọ̀ á máa mì tìtì. Àjákù páìpù, káàdì ATM tó ti ẹ̀sípáyà, bọ́ọ̀lù tẹ́bù-tẹ́níìsì àti máòsì kọ̀ǹpútà tó ti kú ni mo fi kàn án, lórí tábìlì ìjẹun wa ní Agbó-Ọbà. Àwọn tó rí i ń bi mí pé báwo ni mo ṣe ṣe é, ó dáa, bí mo ṣe ṣe é rèé.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ èyí tó bàjẹ́, torí ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Ọkọ̀ tí mo kọ́kọ́ kàn, ohunkóhun tó bá ṣáà ti rí roboto tàbí tó ní eyín ni mò ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdérí ike omi, bọ́ọ̀lù orí rólọ́ọ̀nù, ìyarun, bọ́tìnì, mo lẹ gbogbo ẹ̀ mọ́ fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣàn tuntun, mo wá gbé e síta láti fín ọ̀dà sí i. Ọ̀dà ò tíì gbẹ tí fóòmù ti ń yọ́ bí òrí tó kan oòrùn. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀ ni mo gbé wọlé, àbúrò mi obìnrin wò ó, ìṣẹ́jú kan ò pé, ó ti ń kà á fún mi: “Bọ̀ọ̀dá, ìdérí ike omi rèé, rólọ́ọ̀nù màmá rèé, ìyarun mi tí mo ti ń wá látọjọ́ Jímọ̀ rèé!” Ó fa ìyarun ẹ̀ yọ, apá ọkọ̀ mi kan bá a lọ.

Ojú èèyàn, ohun tó bá mọ̀ ló máa ń wá. Tó bá ti rí ìdérí ike, kò lè rí ọkọ̀ mọ́. Gbogbo wàhálà iṣẹ́ yìí ò ju kẹ́ ẹ mú kí ojú gbàgbé ohun tí nǹkan ọ̀hún jẹ́ tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣe ọkọ̀ inú fíìmù Star Wars tó jáde ní 1977, ohun tí wọ́n ṣe náà nìyẹn, wọ́n ra páálí mọ́dẹ́lì, ìyẹn ẹ̀yà ike kéékèèké téèyàn máa ń tò pọ̀ fúnra ẹ̀, ti táǹkì ogun, ọkọ̀ òfurufú àti mọ́tò jọ, wọ́n kó ẹ̀yà kéékèèké inú ẹ̀, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ọkọ̀ wọn. Greeblies ni wọ́n ń pe àwọn ẹ̀yà yẹn, èmi ń pè é ní jákujàku ní tèmi. Àmọ́ ta ni yóò rí páálí mọ́dẹ́lì rà nílùú yìí, tá a bá tiẹ̀ rí i, owó ẹ̀ ńkọ́? Pàǹtí la ní, pàǹtí la ó lò.

Kẹ́ ẹ tó mú kọ́tà dání, ẹ bi ọkọ̀ yín léèrè pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í bi í, wọ́n á kàn máa lẹ nǹkan lọ, tó bá yá ọkọ̀ á dà bí àkìtàn tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Tèmi, mẹ́ruwà ni. Yìnyín wà nínú àwọn kòtò kan ní ìpẹ̀kun òṣùpá níbi tí oòrùn kì í dé, mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa pọn ọ́n fáwọn tó bá ń gbé lókè lọ́hùn-ún. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ni gbogbo ẹ̀ tò síbi tó yẹ. Ó ń gbé omi, ó gbọ́dọ̀ ní táǹkì, táǹkì gbọ́dọ̀ ní páìpù tó so ó pọ̀, páìpù gbọ́dọ̀ ní ibi tó ń já sí. Àwọn tó ń wà á ò ní fẹ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níwájú pátápátá kí ẹ́ńjìnnì wà lẹ́yìn, kí táǹkì wà láàárín. Kò nílò apá bíi ti ọkọ̀ òfurufú torí kò sí afẹ́fẹ́ lókè yẹn tí apá máa gùn lé. Tẹ́ ẹ bá ń lọ Ògbómọ̀ṣọ́, tẹ́ ẹ bá dé Ẹyẹnkọrin, ẹ wo àwọn táńkà tó bá dúró sẹ́bàá ọ̀nà dáadáa: àkàbà tó wà lẹ́yìn, ìdérí tó wà lórí, ọ̀sì tí wọ́n dì mọ́ ẹ̀gbẹ́, tápù tó wà nísàlẹ̀. Mo ya fọ́tò ọ̀kan, dírẹ́bà ní ṣé mo fẹ́ rà á ni.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ìwọ̀n. Èyí ló ń sọ bí ọkọ̀ ṣe tóbi tó lójú ẹni tó ń wò ó, kì í ṣe bó ṣe gùn tó lórí tábìlì. Ọkọ̀ tèmi gùn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Tí mo bá ní ìwọ̀n 1/72 ni, ìyẹn ni pé sẹ̀ǹtímítà 1 lára tèmi dúró fún sẹ̀ǹtímítà 72 lára ọkọ̀ gidi, á jẹ́ pé ọkọ̀ gidi náà ò ju mítà 29 lọ, ilẹ̀kùn tó ga ní mítà 2 á wá jẹ́ mìlímítà 28 lára ẹ̀. Tí mo bá ní 1/200 ni, ọkọ̀ di mítà 80, ilẹ̀kùn di mìlímítà 10. Tó bá di 1/1000, ọkọ̀ ti di mítà 400, ilẹ̀kùn ò sì ju mìlímítà 2 lọ, bí ẹnu báírò. Ṣé ẹ rí i? Nǹkan kan náà lórí tábìlì o, ilẹ̀kùn ló ń pa irọ́ fún ojú. Mo mú 1/200. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi wé nǹkan tó wà lóòótọ́, International Space Station, ibùdó táwọn èèyàn ń gbé nínú òfurufú, fẹ̀ tó mítà 109, ní 1/200 á jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 54 àtààbọ̀. Ẹ gé ènìyàn kan láti ara páálí, ní 1/200 kò ní ga tó mìlímítà 9, ẹ máa gbé e sára gbogbo nǹkan tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ̀. Tí ojú fèrèsé bá ga ju ènìyàn yẹn lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ ti ba iṣẹ́ jẹ́ nìyẹn.

Ó kan pàǹtí wíwá, èyí ló dùn jù. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tún fóònù àti kọ̀ǹpútà ṣe, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ dáadáa, ẹ ra omi tútù dání, wọ́n á fún yín ní púríńtà tó ti kú lọ́fẹ̀ẹ́. Púríńtà kan ṣoṣo, ẹrù ọkọ̀ mẹ́ta ló wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń ra kóńdẹ̀m̀ ní àdúgbò náà máa ń ní nǹkan, àmọ́ àwọn yẹn mọ owó, wọ́n á wọ̀n ọ́n fún yín. Ọ̀dọ̀ télọ̀ ni mo ti rí bóbìnì, bóbìnì ẹ̀rọ ìránṣọ yẹn dà bí ẹni pé wọ́n dìídì ṣe é fún ọkọ̀ sánmà ni. Àwọn ìyá tó ń hun aṣọ òkè ló fún mi ní kóònù òwú tó ti tán, èyí tó jẹ́ páálí. Ìyá àgbà kan bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe, mo ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni Màmá, wọ́n ní “Ọkọ obìnrin ni àbí ọkọ̀ títì?” Mi ò lè dáhùn.

Ẹ má tú tẹlifíṣàn ayé àtijọ́ onígo ńlá o. Iná lè wà nínú ẹ̀ kó ṣì gbé yín bẹ́ ẹ tiẹ̀ ti yọ ọ́ kúrò lára iná tipẹ́. Púríńtà tó ń lo íńkì olómi ni kẹ́ ẹ máa wá, èyí tó ń lo páúdà dúdú, tóńà, á ba gbogbo ilé jẹ́, kò sì dáa kéèyàn fà á símú.

Gbogbo ike kọ́ ló gba glúù. Èyí ló pa ọkọ̀ mi kejì, mo lẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó ti já sílẹ̀ láàárọ̀. Ẹ wo ìdí ike, wọ́n máa ń ya ọfà onígun mẹ́ta sí i pẹ̀lú nọ́ńbà nínú. 2, 4 àti 5, súpàglúù ò ní dì í mú, ọ̀dà gan-an á máa bó lára ẹ̀. Ìdérí ike omi, ọ̀rá ìpara, síríńjì, inú ìdílé yẹn ló pọ̀ jù sí. 3 ni páìpù púlọ́ńbà, 6 ni àwọn ike líle tó ń ṣẹ́ kéé, àwọn méjèèjì dáa. Lára púríńtà, wọ́n máa ń kọ ọ́ sára ike fúnra ẹ̀: tẹ́ ẹ bá rí ABS tàbí PS, ẹ yọ̀. Tẹ́ ẹ bá rí POM, eyín jíà nìyẹn, ó lẹ́wà àmọ́ ó lórí kunkun, glúù kì í fẹ́ mú un. Ohun tí mo máa ń ṣe sí i ni pé mo máa ń lu ihò sí àárín ẹ̀, kí n ki wáyà nípọn kan bọ̀ ọ́, kí n wá gún wáyà yẹn wọ ara ọkọ̀, glúù á di wáyà mú, wáyà á di jíà mú.

Ẹ fi omi ọṣẹ fọ gbogbo ẹ̀, kẹ́ ẹ sá a gbẹ. Ọ̀rá ọwọ́ àti gíríìsì lọ̀tá ọ̀dà.

Egungun ẹ̀yìn ọkọ̀ mi, páìpù wáyà iná ni, gígùn ẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 28. Bọ́ọ̀lù tẹ́bù-tẹ́níìsì mẹ́fà ni táǹkì, wọ́n so mọ́ egungun ní méjì méjì. Bọ́ọ̀lù yẹn fẹ̀ ní mìlímítà 40, ìyẹn ni pé ní 1/200 táǹkì kan fẹ̀ ní mítà 8, mo ṣírò ẹ̀, ó ń gba omi tó lé ní lítà 260,000, kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 tó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ nínú ẹyọ kan. Mẹ́ruwà tòótọ́! Kí bọ́ọ̀lù má bàa máa yí kúrò lára páìpù, ẹ fi sáńpépà fọ́n ojú ibi tí wọ́n ti máa kanra, kẹ́ ẹ wá gé òrùka kékeré láti ara páìpù tó tẹ́ẹ́rẹ́, kí bọ́ọ̀lù jókòó lé e bí ìkòkò ṣe ń jókòó lórí òṣùká. Glúù díẹ̀, ẹ dì í mú fún ogójì ìṣẹ́jú àáyá. Ojú ibi tó bá là sílẹ̀, ẹ bu béékìn sódà díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ kán súpàglúù lé e, á le bí òkúta lójú ẹsẹ̀. Ẹ gbé ojú sẹ́yìn o, ó máa ń gbóná, òórùn ẹ̀ sì máa ń ta èèyàn lójú.

Iwájú ọkọ̀ ni máòsì. Tẹ́ ẹ bá lẹ máòsì bó ṣe wà, ọmọ ọdún mẹ́ta á mọ̀ ọ́n. Ibi tí bọ́tìnì méjèèjì ti pín sọ́nà méjì ló ń tú u fó, kì í ṣe ara ẹ̀ tó yọ gọnbu. Torí náà mo fi bíléèdì hákúsọ̀ọ̀ gé iwájú ẹ̀ dà nù, ẹ̀yìn tó máa ń wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ nìkan ni mo mú, mo sì dojú ẹ̀ délẹ̀, kí gọnbu ẹ̀ wà nísàlẹ̀ bí àgbọ̀n. Orí ẹ̀ tó ṣí sílẹ̀, mo fi káàdì ATM bò ó.

Ẹ gbọ́, káàdì ATM, mi ò rí ohun tó dáa tó o. Gbogbo ẹ̀ ló ṣe déédéé, mìlímítà 0.76 ló nípọn, ó sì ń gba glúù àti ọ̀dà. Páálí tí wọ́n máa ń yọ síìmù kúrò lára ẹ̀ náà rí bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé ṣíìpù àti nọ́ńbà rẹ̀ wẹ́lẹwẹ̀lẹ kẹ́ ẹ dà á nù, káàdì tó ti ẹ̀sípáyà náà ò yẹ kó bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má fi agbára gé e, ẹ fi kọ́tà àti rúlà fa ìlà lé e lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kẹ́ ẹ wá ṣẹ́ ẹ, á ṣẹ́ tààrà. Onígun mẹ́rin kéékèèké, títóbi wọn ò dọ́gba, ni mo gé lẹ̀ mọ́ ara páìpù àti iwájú ọkọ̀. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ kan ara wọn pátápátá, ẹ fi àlàfo bíńtín sáàárín, àlàfo yẹn ni ojú máa kà sí oríkèé irin.

Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ni kóònù òwú, mo gé e kù sẹ̀ǹtímítà 6, ibi tó fẹ̀ dojú kọ ẹ̀yìn. Torí pé páálí ni, mo kán súpàglúù olómi sí i títí ó fi mu ún yó, lẹ́yìn ìyẹn ó le, sáńpépà wá ṣe é.

Jákujàku ló kù. Kíbọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà, ẹ yọ bọ́tìnì ẹ̀ kẹ́ ẹ dojú ẹ̀ bolẹ̀, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kò sẹ́ni tó ń wo inú bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù rí. Pín sítépúlà tó ṣì so pọ̀ ní ọ̀wọ́, tẹ́ ẹ bá lẹ̀ ẹ́ ní ìdùbúlẹ̀ sórí káàdì pẹlẹbẹ, ó di pátákó tó ń lé ooru dànù, ọkọ̀ sánmà sì nílò ẹ̀ gan-an torí kò sí afẹ́fẹ́ tó máa fẹ́ ẹ tutù, ó gbọ́dọ̀ máa tan ooru ẹ̀ jáde fúnra ẹ̀. Mo fi méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wáyà kọ́pà inú ṣájà tó ti bàjẹ́ ni páìpù omi, mo tẹ̀ ẹ́ láti táǹkì dé táǹkì, kò sí èyí tí ò níbi tó ń lọ. Bọ́ọ̀dù kọ̀ǹpútà tó ní àwọ̀ ewé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jù ú nù. Gbogbo ayé ló ń lẹ̀ ẹ́, gbogbo ayé ló sì mọ̀ ọ́n.

Ẹ kó jákujàku jọ síbi tí iṣẹ́ wà: ìdí ẹ́ńjìnnì, abẹ́ táǹkì, ibi tí iwájú ti pàdé egungun. Ibi tó kù, ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Èyí ṣòro ju gbogbo lẹ̀-ń-lẹ̀ yẹn lọ, ọwọ́ á máa yún yín láti fi ọ̀kan kún un. Èmi máa ń gbé e sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, tí mo bá jí mo máa ń yọ bíi méjì kúrò.

Ọ̀dà: mo lọ bá àwọn tó ń kun mọ́tò, mo ra gíréè tí wọ́n fi ń ṣe ìpìlẹ̀, èyí tó wà nínú agolo fífín. Ẹ mú un jìnnà tó sẹ̀ǹtímítà 25, ẹ fín in fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́, kó gbẹ, kẹ́ ẹ tún fín òmíràn, kó má ṣàn. Kẹ́ ẹ má gbà kí wọ́n fi tínà po ọ̀dà fún yín láìdán an wò lára àjákù ike, tínà máa ń jẹ ABS bí ikán ṣe ń jẹ pákó. Ìgbà òjò, tí afẹ́fẹ́ bá tutù, ọ̀dà á hu funfun, ẹ dúró di ọ̀sán tí oòrùn bá mú. Ìgbà ọyẹ́ ńkọ́, eruku Ìlọrin á wá bá yín ṣeré níbẹ̀, ẹ fi páálí ńlá bo ọkọ̀ lójú ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fín in tán. Tí gíréè bá ti bo gbogbo ẹ̀, ìgbà yẹn lẹ máa mọ̀ pé máòsì ti kú lóòótọ́.

Kó má bàa mọ́ jù, ẹ po ọ̀dà dúdú olómi mọ́ omi púpọ̀ àti ọṣẹ olómi ẹ̀kán kan, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún kó wọ gbogbo kọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wá fi àkísà tútù nu òkè ẹ̀ kúrò. Mo fẹ́ ya epo tó ń ṣàn wálẹ̀ bíi ti táńkà Ẹyẹnkọrin tẹ́lẹ̀, mo wá rántí pé kò sí ìsàlẹ̀ lókè yẹn. Omi tó bá jò síta nínú òfìfo á hó, á sì di yìnyín. Nítorí náà ṣọ́ọ̀kì funfun ni mo lọ̀, mo fi ìka pa á yí ẹnu tápù ká.

Iná ló gbẹ̀yìn, tẹ́ ẹ bá fẹ́. LED funfun kan nínú iwájú ọkọ̀, ó ń lo bíi fóòtì (volt) 3, tẹ́ ẹ bá fi bátìrì onífóòtì 9 sí i, ẹ fi rẹsísítọ̀ 330 ohm, ẹ̀yà kékeré tó ń dín iná kù, sáàárín kó má bàa jó. Fèrèsé ni kẹ́ ẹ fi abẹ́rẹ́ lu, ihò tó kéré jù tẹ́ ẹ bá lè lu, kó tò pọ̀ ní ọ̀wọ́ kan. Èmi tan tèmi, gbogbo iwájú ọkọ̀ mọ́lẹ̀ bí àtùpà Ìyá Alákàrà, iná ń gba inú ike jáde. Mo ní láti tú u, kí n fi ọ̀dà dúdú kun inú ẹ̀, kí n tún lẹ fóìlì mọ́ ọn. Ẹ ṣe tiyín kẹ́ ẹ tó dé e pa.

Mo fi okùn tí wọ́n fi ń pẹja so ó kọ́ lókè fèrèsé, mo pe àbúrò mi. Ó yí i ká, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi imú kàn án. Kò rí máòsì. Kò rí bóbìnì. Ó wá na ìka sí táǹkì kẹta lápá òsì: “Bọ̀ọ̀dá, kí ni wọ́n kọ síbí?” Orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe bọ́ọ̀lù ni, mo gbàgbé láti fi sáńpépà ra á, ọ̀dà bò ó, àmọ́ ó ṣì yọ lábẹ́ ẹ̀ wínníwínní. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lẹ bọ́ọ̀lù yín, ẹ fi sáńpépà nọ́ńbà 400 ra ojú ibẹ̀ tán, tí kò bá lọ, ẹ yí i kọjú sí páìpù.